Ta Ni Ó Ka Àga? Ọ̀rọ̀ lórí Ìwé Ìròhìn, Ẹgbẹ́ Òṣèlú àti Owó Ìlú

Ní ọjọ́ ọjà aṣọ tí ó kọjá ní Òjé, a dúró níwájú ìsọ̀ ìyá àgbà kan tí ń ta aṣọ òfì. Àwọn ará Ìsẹ́yìn ń sọ ẹrù wọn kalẹ̀, ẹtù àti àlàárì sì wà nílẹ̀ bẹẹrẹ. Àwọn ọkùnrin méjì ń bá ara wọn jiyàn nítòsí wa lórí ìpàdé òṣèlú kan tí a ṣe ní ìgboro láìpẹ́ ọjọ́. Ọ̀kan mú ìwé ìròhìn kan lọ́wọ́, ó ní ohun tí a kọ sínú rẹ̀ ni pé èrò kún pápá tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn fi gun igi. Èkejì na ìwé ìròhìn tirẹ̀ sókè, ó ní àga òfìfo ni ó pọ̀ ju èrò lọ níbẹ̀. Ìpàdé kan náà ni, pápá kan náà ni, wákàtí kan náà sì ni. Ọ̀rọ̀ náà le títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà, a sì ní láti bọ́ sí àárín wọn. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ìyá àgbà yìí, ẹni tí kò mọ̀wé kọ tí kò sì mọ̀ ọ́n kà, gbé ojú sókè kúrò lára aṣọ tí ó ń ká, ó sì bi wá pé: “Akọ̀wé, ọmọ mi, nínú àwọn méjèèjì tí ó kọ ìwé wọ̀nyí, ta ni ó ka àga?”

A kò rí èsì fọ̀ fún un.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti ń fi kálámù jẹun, a sì ti ń ka ìwé ìròhìn láti ìgbà tí a ti wà lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Síbẹ̀, kí a má purọ́, ìbéèrè yìí kò sọ sí wa lọ́kàn rí. Èyí tí àwa tí a pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé máa ń béèrè ni pé, ìwé ta ni? Bí a bá ti mọ̀ pé ìwé ẹgbẹ́ lágbájá ni, a ti mọ ohun tí yóò wà nínú rẹ̀ kí a tó ṣí i, ẹni tí ó bá sì jẹ́ ti ẹgbẹ́ náà nínú wa yóò gbà á gbọ́ kí ó tó kà á tán. Oníṣòwò kò gbọdọ̀ ṣe báyẹn. Ẹni tí ń ta aṣọ ní Òjé kò jẹ́ fi ọwọ́ kúkúrú wọn aṣọ fún àlejò kí ó fi ọwọ́ gígùn wọ̀n ọ́n fún ọmọ ìyá rẹ̀. Bí ó bá dán an wò ní ọjà kan, nígbà tí ọjà yóò fi tún pé, ìsọ̀ rẹ̀ ti di ibi tí a ń gbà kọjá. Ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ìdí tí a fi ń gbà lọ́wọ́ oníwèé ìròhìn ohun tí a kò lè gbà lọ́wọ́ aláṣọ.

Àrùn yìí kì í ṣe àrùn òní. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend, oníwàásù ìjọ C.M.S., bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta, èyí tí í ṣe ìwé ìròhìn àkọ́kọ́ ní èdè wa. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí ogun Ìjàyè fi bẹ́, tí àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè láti bá Ìbàdàn jà. Townsend gbè sẹ́yìn àwọn Ẹ̀gbá tí ó ń bá gbé. David Hinderer, ẹni tí í ṣe oníwàásù ìjọ kan náà ṣùgbọ́n tí ó fi Kúdẹtì ṣe ibùgbé, gbè sẹ́yìn àwa ará Ìbàdàn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn ni pé Townsend ní ìwé ìròhìn, Hinderer kò ní. Ìyẹn ni pé kí Ìbàdàn tó mọ bí ìwé ìròhìn ti rí, ìwé ìròhìn ti bá a jagun. Ọdún 1924 ni D. A. Ọbasá tó dá The Yoruba News sílẹ̀ nílùú yìí, tí Ìbàdàn náà sì ní ohùn tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ogun Ìjàyè ni ó mú wa gbé kálámù lónìí. Ọ̀rọ̀ Adégòkè Adélabú ni, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ìtàn ìlú yìí tí ó fi hàn bẹ́ẹ̀ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí ìlú nígbà tí ìwé ìròhìn bá di agbẹ́rù ẹgbẹ́.

Àwọn àgbà tí ó bá a láyé kò pọ̀ mọ́, nítorínáà ẹ jẹ́ kí a tún un sọ fún àwọn ọ̀dọ́. Ọmọ Òkè-Olúọ́kùn ni Adélabú, a bí i ní ọdún 1915, ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba ní Ìbàdàn àti sí Yábàá, ó sì di alábòójútó nínú ilé iṣẹ́ U.A.C. Ẹnu rẹ̀ dùn ní Gẹ̀ẹ́sì bí ó ti dùn ní Yorùbá. Òun ni ó sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì kan ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tí ó túmọ̀ sí ìdàrúdàpọ̀ irú èyí tí a kò rí rí, àwọn ará ìlú tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì sì sọ ọ́ di “Pẹ́nkẹlẹ́mẹ́ẹ̀sì,” èyí tí a fi ń pè é títí di òní. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí Ìbàdàn yàn ní ọdún 1951 ya lọ sínú ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, òun nìkan ni ó dúró sínú ẹgbẹ́ Alákùkọ, N.C.N.C. Ní ọdún 1954, ẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn Mábọlájẹ́ gba Káńsù Ìbàdàn, òun sì di alága ní Màpó. Ní ọdún 1955 wọ́n tún fi í ṣe mínísítà ìjọba àpapọ̀ ní Èkó, kò sì fi ti Màpó sílẹ̀.

Ẹ rántí pé ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ nígbà náà, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹni tí ó dá Nigerian Tribune sílẹ̀ nílùú yìí ní oṣù kọkànlá ọdún 1949. Ẹgbẹ́ Alákùkọ náà kò ṣàì ní ìwé tirẹ̀ níhìn-ín: Southern Nigeria Defender, ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìròhìn Dókítà Azikiwe, ń jáde ní Ìbàdàn bákan náà. Ìlú kan, ìwé méjì, ẹgbẹ́ méjì. Ẹni tí ó bá ra ọ̀kan kì í sábà ra èkejì.

Ẹ̀sùn pọ̀ lórí bí wọ́n ti ń ṣe owó Káńsù, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn sì yan òyìnbó kan, E. W. J. Nicholson, ẹni tí í ṣe akọ̀wé ìlú Abingdon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó wá wádìí. Ó jókòó, ó gbọ́ ẹ̀rí, ìròhìn rẹ̀ sì jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1956. Ó kọ ọ́ pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ìwà ìbàjẹ́ wà nínú Káńsù náà, kò sì wẹ alága rẹ̀ mọ́. Adélabú fi ipò mínísítà àti ipò alága sílẹ̀. Ìjọba sì tú Káńsù náà ká.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa wà nìyí. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fi ìròhìn Nicholson ṣe ìlù tí wọ́n ń jó. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ Alákùkọ ní ọ̀tẹ̀ ni, pé alátakò ni ó yan onídàájọ́. Bí a bá fi ojú ọjà wò ó, òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, èyí gan-an ni ó sì ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Lóòótọ́ ni ìjọba tí ó yan olùwádìí jẹ́ ti ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ gba Màpó. Lóòótọ́ sì ni pé owó tí a ń wí kì í ṣe owó ẹgbẹ́ kankan, owó orí àwọn ará Bẹẹrẹ, Ọjà’ba, Beyerúnkà àti Òjé ni. Ẹni tí a bá sọ pé ó jí ewúrẹ́, tí ó dáhùn pé ọ̀tá òun ni ó fẹ̀sùn kan òun, lè má parọ́. Ṣùgbọ́n kò tíì sọ ibi tí ewúrẹ́ wà. Iṣẹ́ ìwé ìròhìn ni kí ó wá ewúrẹ́ náà lọ, kí ó ka ìròhìn Nicholson láti ojú ìwé kan dé èkejì fún ẹni tí kò lè kà á, kí ó sọ pé owó báyìí wọlé, báyìí jáde, báyìí ni a kò rí. Èyí ìbá wúlò fún aláṣọ Òjé ju ọgọ́rùn-ún èébú lọ.

Kí ni ó ti ibẹ̀ jáde? Ní ìdìbò oṣù karùn-ún ọdún 1956, kò tó oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ìròhìn náà jáde, Ìbàdàn tún dìbò fún Adélabú, ó sì di olórí àwọn alátakò ní ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀ Oòrùn. Àwọn kan ń sọ títí di òní pé àìmọ̀wé àwọn ará Ìbàdàn ni ó fà á. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ìlú gbọ́ ìròhìn náà dáadáa. Ohun tí wọ́n kò lè ṣe ni kí wọ́n ya ìròhìn náà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó gbé e wá, nítorí kò sí ìwé ìròhìn kan tí ó kọ́ wọn bí a ti ń ṣe é.

Èyí tí ó burú jù kò tíì dé. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1958, bí Adélabú ti ń bọ̀ láti Èkó, ọkọ̀ tí ó wọ̀ ní ìjàm̀bá ní ẹ̀bá Òdè Rẹ́mọ, ó sì kú. Kò tíì pé ọdún mẹ́tàlélógójì. Ìjàm̀bá ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìròhìn náà dé Ìbàdàn, kò rí ẹni gbà á. Ariwo sọ pé àwọn Ọlọ́pẹ ni ó pa á, ariwo náà sì sáré ju ìwé ìròhìn lọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni a pa ní ìgboro àti ní àwọn abúlé oko wa, tí ó jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn nínú wọn ṣẹ̀ kò ju pé wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ tàbí pé wọ́n ń bá ìjọba ṣe iṣẹ́ owó orí. Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ dé, tí a kó àwọn ọmọ ìlú lọ síwájú adájọ́, tí ìyà àti ikú sì tún tẹ̀lé e.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Ní ọjọ́ náà, òtítọ́ kan ṣoṣo ni ìlú nílò, òun náà sì ni pé ọkọ̀ ni ó pa ọkùnrin yìí, kì í ṣe ènìyàn. Àwọn tí ó mọ òtítọ́ náà wà. Àwọn tí ó lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé wà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á gbọ́ lẹ́nu wọn, lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí wọ́n ti ń ná orúkọ rere ìwé wọn lórí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́? Wọ́n ti ná an tán. Owó tí ó kù lọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ ìdààmú náà kò ra nǹkan kan, àwọn ẹlòmíràn ni ó sì fi ẹ̀mí san gbèsè náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹgbẹ́ kan ni a ń bá wí. Ìlù yìí máa ń yí ọwọ́ padà. Ní ọdún 1956 kan náà tí àwọn Ọlọ́pẹ ń yọ̀ lórí ọ̀rọ̀ Màpó, a yan ìgbìmọ̀ olùwádìí mìíràn lábẹ́ Sir Stafford Foster-Sutton láti wo bí nǹkan bíi £2,000,000 owó ìjọba Ìlà Oòrùn ti ṣe dé African Continental Bank, báńkì tí Dókítà Azikiwe fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Ìròhìn wọn ní oṣù kìíní ọdún 1957 sọ pé ìwà rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà kò tó èyí tí a retí lọ́wọ́ ẹni ipò rẹ̀. Ó tú ilé ìgbìmọ̀ ká, ó lọ fún ìdìbò, wọ́n sì tún yàn án padà. Ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ó kan àwọn Ọlọ́pẹ. Èyí sì kan Òjé gbọ̀ngbọ̀n, nítorí owó kòkó ni. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé nígbà tí kòkó bá jáde ni àlàárì ń tà. Ohun tí àgbẹ̀ Ìbàdàn bá gbà ní oko ni aláṣọ ń rí gbà ní ọjà. Ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó nígbà náà kì í san gbogbo iye tí kòkó ń mú wá ní òkè òkun fún àgbẹ̀. Ó ń fi èyí tí ó kù pamọ́ de ọjọ́ tí iye kòkó bá lọ sílẹ̀. Nígbà tí a pín àpò náà ní ọdún 1954, èyí tí ó kan Ìwọ̀ Oòrùn lé ní £30,000,000. A kò ní ṣe aláìmoore: owó náà wà lára ohun tí a fi kọ́lé, tí a fi la ọ̀nà, tí a sì fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa jẹ àǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1962, ìgbìmọ̀ Adájọ́ G. B. A. Coker wádìí, ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ àràádọ́ta ọ̀kẹ́ pọ́n-ùn nínú rẹ̀ ti gba ilé iṣẹ́ kan tí í ṣe ti àwọn àgbà ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ mẹ́rin kọjá, tí púpọ̀ sì dé àpò ẹgbẹ́. Ní àkókò yìí, àwọn ọ̀tá Ọlọ́pẹ ni ó ń lu ìlù, àwọn Ọlọ́pẹ ni ó sì ń pariwo pé ọ̀tẹ̀ ni, pé alátakò ni ó yan onídàájọ́. Ọ̀rọ̀ ọdún 1956 gan-an ni, ẹni tí ń sọ ọ́ nìkan ni ó yí padà. Owó àgbẹ̀ kò sì padà sọ́wọ́ àgbẹ̀.

A fẹ́ sọ díẹ̀ nípa rédíò, nítorí àwọn bàbá wa fún un ní orúkọ tí ó gbọ́n ju bí a ti rò lọ. Nígbà tí àpótí náà dé àwọn ilé wa, “asọ̀rọ̀mágbèsì” ni wọ́n pè é. Ẹ tún orúkọ náà gbọ́: ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Ní ọdún 1953, Gómìnà, Sir John Macpherson, lo rédíò ìjọba láti dá Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́bi. Awólọ́wọ̀ béèrè pé kí a fún òun ní àyè láti fèsì lórí rédíò kan náà, wọ́n sì kọ̀ fún un. Àwọn tí ó mọ ìtàn náà sọ pé ìrora yìí wà lára ohun tí ó bí amóhùnmáwòrán Ìbàdàn, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, tí Áfíríkà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ó dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bọ́ sọ́wọ́ Olóyè S. L. Akíntọ́lá àti ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀, ilé iṣẹ́ tí a kọ́ nítorí ẹni tí a kò jẹ́ kí ó fèsì di èyí tí kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ fèsì. Ìjọba náà sì tún dá ìwé ìròhìn tirẹ̀ sílẹ̀, Daily Sketch, ní ọdún 1964.

Gbogbo ayé ni ó mọ bí ó ti parí. Ìdìbò ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1965 wáyé. Iye ìbò tí àwọn ènìyàn rò pé a kà lójú wọn yàtọ̀ sí iye tí wọ́n gbọ́ lórí rédíò. Alhaji D. S. Adégbẹ́nró, olórí àwọn alátakò, kéde iye tirẹ̀, wọ́n sì mú un. Ọ̀sẹ̀ yìí kan náà ni ọkùnrin kan gbé ìbọn wọ ilé rédíò ní Ìbàdàn tí ó sì fi dandan gbé ohùn mìíràn sáfẹ́fẹ́ níbi tí a ti ń retí ohùn Akíntọ́lá. Wọ́n gbé Wọlé Ṣóyínká lọ sílé ẹjọ́ nítorí rẹ̀, adájọ́ sì dá a sílẹ̀. Ẹ ò rí i pé ó ti dé ojú rẹ̀, nígbà tí a fi ìbọn tọrọ ìṣẹ́jú díẹ̀ láti fèsì! Lẹ́yìn náà ni “wẹ́ẹ̀tì” gba ìgboro, tí a ń da bẹntiróòlù sí ilé àti sí ara ènìyàn. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn ọmọ ogun dìde, wọ́n sì pa Akíntọ́lá nílé rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Bí a ti ń sọ̀rọ̀ báyìí, àwọn aláṣẹ lè máa rẹ́rìn-ín músẹ́, kí wọ́n wí pé nítorí èyí ni ó fi yẹ kí ìjọba di àwọn oníwèé ìròhìn lókùn. Kí wọ́n dákẹ́. Ìjọba ológun ti dán an wò ní ọdún 1984 pẹ̀lú Òfin kẹrin, tí wọ́n fi sọ àwọn akọ̀ròhìn méjì ti The Guardian, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, sẹ́wọ̀n ọdún kan nítorí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí a fẹ́ rán lọ ṣe aṣojú ní ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni tí a fẹ́ kà ìṣirò rẹ̀ kọ́ ni yóò yan ẹni tí yóò kà á.

Ohun tí ó ń bà wá nínú jẹ́ nísinsìnyí rọra ju ẹ̀wọ̀n lọ. Ìwé ìròhìn wà tí kì bá jáde lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀ bí kì í bá ṣe ìkéde tí ìjọba àti àwọn olówó ń san owó rẹ̀, ojú ìwé kan gbáko tí a fi ń kí ọ̀gá kan kú ọjọ́ ìbí. Àwọn akọ̀ròhìn wà tí a kì í san owó oṣù wọn déédéé, tí ó jẹ́ pé owó inú àpòòwé tí wọ́n bá fún wọn lẹ́yìn ìpàdé ni wọ́n fi ń wọkọ̀ padà sílé. Ajá tí ń jẹun lọ́wọ́ ẹnìkan kì í gbó onítọ̀hún ní òru. Nígbà tí a sì ti gba fóònù, gbogbo wa ni a ti di oníwèé ìròhìn. Ẹni tí ó wà ní Beyerúnkà lè fi irọ́ kan ránṣẹ́ kí ó tó mu omi tán, kí irọ́ náà ti dé Lọ́ńdọ̀nù kí ó sì ti padà wá bá a gẹ́gẹ́ bí ìròhìn láti òkè òkun.

Àwa náà kò mọ́. Ní ọdún kan, a kọ ìròhìn ìpàdé kan tí a kò dé rárá. Ọ̀rẹ́ wa kan tí í ṣe ẹgbẹ́ náà ni ó rò ó fún wa, ó rò ó dáadáa, ó tilẹ̀ sọ ibi tí àwọn èrò ti pàtẹ́wọ́. A kọ ọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́, a sì gba ìyìn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni ẹni tí ń bá wa ránṣọ sọ fún wa pé òjò tú ìpàdé náà ká kí ẹni àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀. A kò kọ àtúnṣe. Ojú ń tì wá, ọ̀rẹ́ wa náà ní kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n aránṣọ mọ̀, gbogbo àwọn tí òjò pa mọ̀, a sì fura pé láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń ka ohun tí a bá kọ bí ẹni tí ń gbọ́ àlọ́.

Nítorínáà a kò wá láti kọ́ni ní ìwà. A fẹ́ sọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa láti ṣe, nítorí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin oníṣòwò kò mọ̀ pé ó wà. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 22, ti gbé e lé àwọn oníwèé ìròhìn lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa mú kí ìjọba jíhìn fún ará ìlú. Ní ọdún 2011, a ṣe òfin kan tí ó fún ẹnikẹ́ni nínú wa ní àyè láti kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba kí ó béèrè ìwé ìṣirò, kò sì pọn dandan kí ó sọ ìdí tí ó fi béèrè; ọjọ́ méje ni a fún wọn láti fèsì. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ń wí pé òfin náà kò kan àwọn, títí tí ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ fi sọ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé ó kàn wọ́n. Ilé ẹjọ́ kan náà ti sọ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ọwọ́ gómìnà kọjá mọ́, pé kí a máa san án tààrà fún wọn. Bí owó bá wá ń dé ọ̀dọ̀ wọn tààrà, ọ̀dọ̀ wọn náà ni kí a ti máa béèrè rẹ̀ tààrà. Ní ayé Nicholson, òyìnbó ni a ránṣẹ́ pè láti Abingdon kí a tó mọ ohun tí ó wà nínú ìwé Màpó. Nísinsìnyí, ìwé pélébé kan àti kálámù ti tó.

A kò rò pé ó rọrùn. Akọ̀wé ọ́fíìsì lè ní ọ̀gá kò sí nílé, kí ó ní fáìlì ti sọnù, kí ó béèrè pé ẹgbẹ́ wo ni o ń ṣe. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni kí ẹ má ṣe dáhùn. Owó ọjà tí ìyá àgbà Òjé ń san kò ní ẹgbẹ́. Ẹni tí ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kì í kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó dìbò fún.

Bí ẹnìkan nínú ẹ̀yin ònkàwé wa bá kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí ó kọ ọjọ́ sí i lórí, kí ó pa ẹ̀dà kan mọ́ sọ́wọ́, kí ó gba òǹtẹ̀ ọ́fíìsì sí ara ẹ̀dà náà, kí ó sì ka ọjọ́ méje. Bí èsì bá dé, kí ó mú un wá sọ́dọ̀ wa, a ó tẹ̀ ẹ́ bí ó bá ti rí, ì báà dùn mọ́ ìjọba tàbí kó dùn mọ́ alátakò. Bí èsì kò bá dé, a ó tẹ orúkọ ọ́fíìsì náà àti ọjọ́ tí wọ́n gba ìwé náà. Ẹni tí kò bá sì lè kọ̀wé, ìsọ̀ aránṣọ wa ní Òjé ni a máa ń wà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà. A ó bá a kọ ọ́, a kò sì ní gba owó.

Ní ti ìpàdé àwọn olóṣèlú tí ń bọ̀ ní ìgboro, àwa fúnra wa ni yóò lọ síbẹ̀. A ó tètè dé, nígbà tí wọ́n bá ń to àga.